Ìlù tí a Gé sí Wẹ́wẹ́ àti Ẹni tí ó Jí Àdá

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a máa fi ọ̀ràn náà ro ara ẹni wò. Òwe yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí à ń pè ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ kan tí àwọn olórin òde-òní ń ṣe mu rẹ́gí. Iṣẹ́ náà ni gígé ìlù sí wẹ́wẹ́. Igi kọ́ ni wọ́n ń gé, àdá kọ́ sì ni wọ́n fi ń gé e. Ohùn ìlù ni wọ́n ń gé, ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ń gé e. Síbẹ̀, bí igi ti ní igbó tí ó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni ìlù ní ẹni tí ó lù ú, bẹ́ẹ̀ náà ni àdá ní alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́. Nínú àròkọ yìí, a ó wo bí iṣẹ́ náà ti rí, a ó wo ẹni tí ó lu ìlù, a ó wo ẹni tí ó rọ àdá, a ó sì wo ohun tí ojú ẹni tí ó jí àdá lò máa ń rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń gé. Bí a bá tẹ́tí sí ìlù níbi àríyá, a ó ṣàkíyèsí pé onílù kì í lu ohun tuntun ní gbogbo ìgbà. Ó ní ìlù kan tí ó máa ń lù ní àlùtúnlù, èyí tí àwọn oníjó fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò balẹ̀ sí. Bí a bá gba irú ìlù bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ, tí a mú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀, tí a sì pàṣẹ pé bí ó bá ti dé òpin kí ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láìdúró, ohun tí a rí yìí ni àwọn olórin ń pè ní lúùpù. A lè fi í wé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí a so orí rẹ̀ mọ́ ìdí: kò sí ibi tí a lè fi ìka tọ́ka sí pé ibẹ̀ ni ó pin sí.

Lúùpù wúlò lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú rẹ̀, ìṣirò kékeré ni yóò sì jẹ́ kí ó yé wa. Iye ìdún tí ó wà nínú ìṣẹ́jú kan ni a fi ń mọ bí ìlù ti yá tó. Ìdún kan sì ni gbogbo ìgbà tí oníjó bá gbé ẹsẹ̀ kan balẹ̀. Bí ìdún bá jẹ́ 120 nínú ìṣẹ́jú kan, ìdún kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Lúùpù tí ó bá ní ìdún 16 yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 8. Títí dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí olórin bá fẹ́ kọ orin tí ó falẹ̀, tí ìdún rẹ̀ jẹ́ 96 péré nínú ìṣẹ́jú kan, ńkọ́? Orin náà yóò fẹ́ kí ìdún 16 gba ìṣẹ́jú-àáyá 10. Lúùpù wa yóò ti parí kí orin tó dé ibẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ní í lè bá ara wọn rìn.

Ní àtijọ́, ohun tí ó rọrùn jù láti ṣe ni kí a dín eré ẹ̀rọ kù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi ọwọ́ kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù rí nígbà tí ó ń yí lọ́wọ́ mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí àwo bá ti ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn yóò máa wálẹ̀, títí akọrin obìnrin yóò fi máa dún bí ọkùnrin, tí gangan yóò sì máa dún bí ìyáàlù. Bí a bá sì mú kí àwo sáré, ohùn gbogbo yóò gòkè bí ohùn ọmọdé. Ìyára àti ohùn so mọ́ ara wọn bí ìgbín àti ìkarahun: ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀ lé e.

Gígé sí wẹ́wẹ́ ni ọgbọ́n tí ó tú ìdè yìí. Bí a bá lu ìlù, ìró rẹ̀ kì í yọ́ wá. Ó máa ń ta gìrì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn èyí ni yóò wá máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Bí kọ̀ǹpútà bá ya àwòrán ìró náà, yóò dà bí òkè tí apá òsì rẹ̀ dúró gbọnrangandan bí ògiri, tí apá ọ̀tún rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tí ètò kọ̀ǹpútà náà ń ṣe ni pé ó ń wá gbogbo ibi tí irú ògiri bẹ́ẹ̀ bá wà, yóò sì fi àmì sí ibẹ̀. Olórin fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bí etí ẹ̀rọ yóò ti mú tó. Bí ó bá mú jù, ẹ̀rọ yóò fi àmì sí ibi tí ọwọ́ onílù kàn ra awọ lásán. Bí kò bá sì mú tó, yóò fo àwọn ìró kéékèèké tí ó ń fún ìlù ní adùn. Nígbà tí àmì bá pé, ẹ̀rọ yóò gé ìlù náà ní ojú àmì kọ̀ọ̀kan, yóò sì kọ ipò ègé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, láti orí èkíní títí dé orí èyí tí ó kẹ́yìn.

Láti ìgbà náà lọ, lúùpù náà kì í ṣe odindi kan mọ́. Ó ti di ègé ìró púpọ̀ tí a sín sórí okùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ìlù falẹ̀, kò sí ìdí tí a ó fi fa ìlẹ̀kẹ̀ kankan gùn. Àlàfo tí ó wà láàrin ìlẹ̀kẹ̀ kan àti èkejì ni a ó fẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìṣirò wa. Ní ìyára 120, ìdún kejì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 0.5, ní ìyára 96, yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 0.625. Ègé ìró náà kò yí padà, ohùn rẹ̀ kò sì wálẹ̀. Àkókò tí a pè é jáde nìkan ni ó yàtọ̀. Bí a bá sì fẹ́ kí ìlù yá dé 160, ìdún kejì yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 0.375, odindi lúùpù yóò sì parí ní ìṣẹ́jú-àáyá 6 dípò 8. Nígbà tí ìlù bá falẹ̀, àlàfo kékeré tí kò ní ìró nínú lè ṣí sílẹ̀ láàrin ègé méjì. Ẹ̀rọ a máa fa ìrù ègé tí ó ṣáájú gùn díẹ̀ láti fi dí i, kí etí má baà mọ̀. Ju gbogbo èyí lọ, olórin lè tún àwọn ègé náà tò bí ó bá ti wù ú. Ó lè fi ìkẹjọ ṣáájú ìkẹta, ó lè pe ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó sì lè ju òmíràn nù. Báyìí ni ìlù tuntun ṣe máa ń jáde láti ara ìlù àtijọ́.

Kí irú ẹ̀rọ báyìí tó dé, ọwọ́ àti sùúrù ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn kan ń fi abẹ gé téèpù, wọ́n sì ń tún un lẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tí ń gba ìró sínú ara wọn ti wà, olórin a máa jókòó tì wọ́n fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a máa fi etí wá ìbẹ̀rẹ̀ ìró kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ní ọdún 1994, àwọn ọkùnrin mẹ́ta, Ernst Nathorst-Böös, Marcus Zetterquist àti Pelle Jubel, dá ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Propellerhead sílẹ̀ ní Stockholm, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Sweden. Ètò àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ni ReCycle, iṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yìí gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún. Irú fáìlì tí ó ń kó àwọn ègé sí ni à ń pè ní REX. Ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà gbé ètò mìíràn jáde tí ń jẹ́ Reason, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí ń lu fáìlì REX sínú rẹ̀. Ní 2019 ni wọ́n yí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà padà sí Reason Studios. Ní òde-òní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò tí a fi ń ṣe orin ni ó ní irú àdá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

A ti mọ bí a ti ń gé igi. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹni tí ó ni igbó, èyíinì ni onílù.

Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ akọrin kan láti Washington ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń jẹ́ The Winstons, gbé àwo orin kékeré kan jáde. Orin ojú kìn-ín-ní ń jẹ́ “Color Him Father”. Òun ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn, òun ni ó sì gba ẹ̀bùn Grammy fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ náà, tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwo kò lè ní ojú kan ṣoṣo. Nítorí náà ni wọ́n fi ìlù àti fèrè ṣe orin mìíràn, tí ń jẹ́ “Amen, Brother”, sí ojú kejì. Nígbà tí orin yìí dé ibì kan, gbogbo ohun-èlò yòókù dákẹ́, onílù wọn, Gregory Coleman, sì dá lu ìlù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 7. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù wọlé padà, orin sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ní ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ka ìṣẹ́jú-àáyá 7 yìí sí nǹkan bàbàrà.

Ní ọdún 1986, wọ́n tún orin náà tẹ̀ sínú àwo àkójọ kan tí a ṣe fún àwọn tí ń lu àwo níbi àríyá. Láti ìgbà náà ni ìlù Coleman ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò tí kò tíì parí. Àwọn olórin hip-hop ní Amẹ́ríkà mú un lò, ẹgbẹ́ N.W.A. fi í sínú “Straight Outta Compton” ní 1988. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú un, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n tún un tò, wọ́n mú kí ó sáré ju bí Coleman ti lù ú lọ, wọ́n sì fi dá irú orin tuntun sílẹ̀, tí à ń pè ní jungle àti drum and bass. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin ni ó ti ti ara ìlù kan ṣoṣo yìí jáde. A ti gbọ́ ọ nínú ilé-ijó, nínú eré tẹlifíṣọ̀n àti nínú ìpolówó ọjà.

Kí ni Gregory Coleman rí gbà nínú gbogbo èyí? Kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ó kú ní Atlanta ní ọdún 2006, nínú òṣì, láìní ilé tí ó lè pè ní tirẹ̀. Spencer gan-an, tí orin náà jẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ òfin, kò mọ ohun tí ń lọ títí di ọdún 1996, nígbà tí àkókò tí òfin là sílẹ̀ láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti kọjá. Ní 2015, àwọn ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n mọ ohun tí ìlù yìí ti ṣe fún orin ìlú wọn dá owó jọ fún Spencer. Owó náà tó pọ́n-ùn 24,000. Ó dára tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó di igi ìlù mú ní ọjọ́ náà ti wà nínú sàréè fún ọdún mẹ́sàn-án.

Kò yẹ kí a rò pé ènìyàn burúkú ni gbogbo àwọn tí wọ́n lo ìlù náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ Coleman, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá gé ìró sí wẹ́wẹ́, orúkọ ẹni tí ó lù ú ni ó máa ń kọ́kọ́ jábọ́. Ègé kan kò ní ojú, kò sì lè sọ pé, “Ọmọ lágbájá ni mí.” Ẹni tí ó bá gbà á lọ́wọ́ ẹnìkejì, tí ẹnìkejì gbà á lọ́wọ́ ẹnìkẹta, yóò máa rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣà á. Nítorí náà ni òfin fi béèrè pé kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni orin kí a tó gé lára rẹ̀, pàápàá bí a bá fẹ́ tà á.

Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ tí ó rọ àdá kò yàtọ̀ sí ti onílù. Ètò kọ̀ǹpútà kì í hù lórí igi. Àwọn ènìyàn ni ó jókòó, tí wọ́n fi ọpọlọ ṣe é, tí wọ́n dán an wò, tí wọ́n tún ibi tí kò dára ṣe, tí wọ́n sì ń tún un ṣe sí i ní gbogbo ìgbà tí irú kọ̀ǹpútà tuntun bá dé. Owó tí a fi ń rà á ni wọ́n fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà ní ìwà kan tí kò sí lára ẹran tàbí ẹrù. Bí a bá jí ewúrẹ́ ẹni, èèkàn tí a so ó mọ́ yóò ṣófo, olúwarẹ̀ yóò sì fi igbe ta. Bí a bá ṣe ẹ̀dà ètò kọ̀ǹpútà láìgba àṣẹ, ti olóhun wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, kò sí àyè tí ó ṣófo. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣe máa ń wí pé àwọn kò jí nǹkan. Kí wọ́n rántí Coleman. Ìlù tirẹ̀ náà ṣì wà lórí àwo bí ó ti lù ú. Òun ni kò rí jẹ níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó lo ẹ̀dà olè, nítorí pé òun náà ní ìyà tirẹ̀ láti jẹ. Àwọn tí wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà a máa fi àgádágodo sí i, kí ẹni tí ó bá rà á nìkan lè ṣí i. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ fífọ́ irú àgádágodo bẹ́ẹ̀, tí wọ́n yóò sì gbé ẹ̀dà tí wọ́n fọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá mú lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé, àwọn tí a kò mọ̀ rí wọ̀nyí, kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń ṣe wá lóore tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà wa, tí a sì tẹ ibi tí a fi ń gbà fún un, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé ni a kó fún un. Ó lè ka ìwé wa, ó lè wo ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ ibi ìfowópamọ́, ó sì lè pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ máa ń ní ìlànà tí ó wí pé kí a kọ́kọ́ pa ètò tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí a tó gbé e wọlé. Ẹni tí ó bá ní kí o de ajá rẹ mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, ṣé àlejò rere ni?

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ ESET ti orílẹ̀-èdè Slovakia, tí ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, kéde ohun kan tí wọ́n rí nínú ẹ̀dà olè àwọn ètò orin. Wọ́n pè é ní LoudMiner. Ní ojúlé kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ka irú ètò bẹ́ẹ̀ tí ó tó 137. Bí ẹnìkan bá gbé ọ̀kan nínú wọn sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ètò orin náà yóò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, inú olúwarẹ̀ yóò sì dùn. Kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà àfarawé kan ti fara pamọ́ sínú tirẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti fi wá owó orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó rán an. Àwọn onímọ̀ náà ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ pé àwọn olórin ni wọ́n dọdẹ. Kọ̀ǹpútà olórin máa ń lágbára, ètò orin máa ń tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ohun àjèjì lè sá pamọ́ sínú rẹ̀, bí ẹ̀rọ bá sì gbóná tí ó ń mí hẹlẹ, olórin yóò rò pé orin tí òun ń ṣe ni ó fà á. Ẹni tí ó rò pé òun rí àdá ọ̀fẹ́ ti di ẹrú nínú oko ẹlòmíràn, òun ni ó sì ń san owó iná.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 2020, èyí tí ó burú ju èyí lọ tún jáde. Wọ́n rí kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ pè ní ThiefQuest nínú ẹ̀dà olè àwọn ètò mélòó kan tí a ń lò lórí kọ̀ǹpútà Mac; Ableton Live tí àwọn olórin fi ń ṣe orin wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Mixed In Key tí àwọn tí ń lu àwo ń lò. Àwọn tí wọ́n ṣe ojúlówó ètò wọ̀nyí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀; àwọn tí wọ́n fọ́ àgádágodo ni wọ́n kó kòkòrò sí i. Bí kòkòrò yìí bá wọlé, yóò máa jí fáìlì olúwarẹ̀ kó, lẹ́yìn náà ni yóò ti àwọn fáìlì náà pa, yóò sì kọ ìwé sílẹ̀ pé kí ó san dọ́là 50 láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohun kan ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu: ìwé náà kò sọ ọ̀nà kankan tí ẹni tí ó bá san owó lè fi kàn sí àwọn ọ̀daràn náà. Báwo ni wọn yóò ti mọ ẹni tí ó san án? Àwọn onímọ̀ padà rí ọ̀nà láti ṣí àwọn fáìlì náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú oríire bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì pè é ní Àlàbí. Ó ti ń ṣe orin fún ọdún mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ. Nínú kọ̀ǹpútà náà ni ó gba ohùn ìyá-ìyá rẹ̀ sí nígbà tí màmá náà ń ki oríkì ìdílé wọn. Màmá sì ti kú ní ọdún tí ó kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Àlàbí fẹ́ gé ìlù kan, ó wá ẹ̀dà olè, ó sì gbé e wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo fáìlì rẹ̀ ti di títì pa. Bí owó bá wà, ó lè ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Orin tí ó ti ṣe, ó lè tún òmíràn ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a jí màmá dìde kí ó tún oríkì náà kì? Ohun tí ẹ̀dà olè ń gbà lọ́wọ́ ẹni lè níyelórí ju ohun tí à ń sá láti san lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè dìde kí ó wí pé, “Ọ̀rọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n owó dà?” Ìbéèrè náà tọ́. Ètò orin tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ń lò lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là, kì í sì í ṣe gbogbo òbí ni ó lè san án fún ọmọ. Ṣùgbọ́n àìlówó kì í ṣe ìdí láti jalè nígbà tí ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àwọn ètò tí àwọn tí wọ́n ṣe wọ́n fi tọkàntọkàn fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Audacity, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2000, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A lè fi gba ìró, a lè fi àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ ìró kọ̀ọ̀kan, kí a sì gé e sí wẹ́wẹ́ ní ojú àmì. LMMS tún jẹ́ òmíràn tí a lè fi to ìlù àti orin pọ̀. Ọ̀nà kejì ni pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń dín owó fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì máa ń ta irú èyí tí ó kéré ní owó pọ́ọ́kú. Ọ̀nà kẹta ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà kí a dán ètò wò fún ọjọ́ mélòó kan láìsan nǹkan. Èyíkéyìí tí a bá yàn, kí a gbà á láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é gan-an, kì í ṣe láti ibi tí a kò mọ̀.

Kí a má sì gbàgbé pé òfin wà. Ní Nàìjíríà, òfin tí ó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ẹni ni Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní 2023. Ètò kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí òfin náà ń dáàbò bò, bí ìwé àti orin ti wà lára wọn. Ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀dà olè tà ń pe ẹjọ́ sí ara rẹ̀ lórí.

Bí Àlàbí bá gbọ́ ìmọ̀ràn, ohun tí yóò ṣe nìyí. Yóò gba ètò ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ àwọn tí ó ni ín. Dípò kí ó lọ máa wá ìlù tí ẹlòmíràn ti gé, yóò lọ bá onídùndún tàbí onílù bàtá ní àdúgbò rẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sọ ohun tí ó fẹ́ fi ìlù náà ṣe, yóò sì fún onílù ní ohun tí wọ́n bá jọ fẹnu kò lé lórí. Yóò gba ìlù náà sínú ẹ̀rọ, yóò gé e sí wẹ́wẹ́, yóò tún un tò bí ọgbọ́n rẹ̀ bá ti mọ. Nígbà tí orin bá jáde, yóò kọ orúkọ onílù sí i. Orin bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ tuntun ní tòótọ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn ní ayé tí yóò ní irú ègé tí ó ní lọ́wọ́. Yóò sì tún tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí ibòmíràn yàtọ̀ sí inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò kú.

Àwọn àgbà tún wí pé ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan rí, bí ó bá fi àrán bora, aṣọ olè ni ó fi bora. Orin dídùn ni àrán tí olórin ń fi bora níwájú ayé. Ó yẹ kí ó lè dìde láàrin àwùjọ, kí ó sọ orúkọ ẹni tí ó lu ìlù, kí ó sọ ibi tí ó ti rí àdá, kí ojú má sì tì í. Ìṣẹ́jú-àáyá 7 ni Gregory Coleman lù, gbogbo ayé sì jó sí i. Ẹni kan ṣoṣo tí kò jẹ níbẹ̀ ni ẹni tí ó lù ú. Bí a bá ń gé ìlù ẹlòmíràn, kí a máa fi ọ̀ràn náà ro ara wa wò, nítorí pé ní ọjọ́ kan, àwa náà yóò lu ìlù tiwa.